Orúkọ Ardis Lára Dáìmù

Orval Pokorny gbé ike kékeré tí owó ẹyọ wà nínú rẹ̀ sókè síbi iná, ó di ojú òsì, ó fi awò amúǹkantóbi há ojú ọ̀tún, ó sì dákẹ́. Orval kì í dákẹ́. Òun ló ń pariwo nídìí gbàǹjo ẹlẹ́dẹ̀ ní ìlú Lipno títí ó fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní lọ́jọ́ tí wọ́n fa eyín rẹ̀ yọ, dókítà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó panu dé díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó dákẹ́ yìí, àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ alákòójọ owó ẹyọ gbé ife kọfí wọn kalẹ̀, wọ́n yíjú sí i.

Verlyn Hruska tó ni owó náà jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Verlyn," Orval ní nígbà tó yá, "àfi kí ojú àwọn tó fún owó yìí ní máàkì ti fọ́ lọ́jọ́ náà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń bi mí pé kí ló ṣe é! Mẹ́tàdínláàádọ́rin kọ́ nìyí o. Méjìdínláàádọ́rin gidi ni. Ojú lásán gan-an ni mo fi ń wò ó."

"Awò ló wà lójú ẹ yẹn."

"Ìwọ náà mọ ohun tí mò ń sọ, má pa mí lẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, ṣùgbọ́n Verlyn ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Àádọ́rin ni máàkì tó ga jù tí owó ẹyọ lè gbà. Owó tó bá ti gba máàkì, ilé-iṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò á sé e mọ́ inú ike líle, wọ́n á fi bébà pélébé kan sí i lókè, wọ́n á kọ ọdún àti máàkì rẹ̀ síbẹ̀, ó di pé kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́. Láàárín mẹ́tàdínláàádọ́rin àti méjìdínláàádọ́rin, ojú tí kò kọ́ iṣẹ́ náà ò lè rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n nínú ọjà àwọn alákòójọ, àgbò àti màlúù ni.

Dáìmù lásán ni o. Owó ẹyọ sẹ́ǹtì mẹ́wàá, ti ọdún 1983, kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, onítọ̀hún lè má bẹ̀rẹ̀ mú un. Orí ààrẹ àtijọ́ kan wà níwájú rẹ̀, ògùṣọ̀ wà lẹ́yìn, ọ̀já sì di igi ògùṣọ̀ náà lókè àti nísàlẹ̀. Lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀rọ kì í tẹ ọ̀já yìí dáadáa, á rí pẹlẹbẹ. Èyí tí ìlà tó la ọ̀já náà bá hàn gbangba láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì ni wọ́n ń pè ní ọlọ́jàá pípé, àwọn àgbàlagbà tí orí wọn pé sì ń torí rẹ̀ pa oorun tì. Ti ọdún 1983 tún wá le jù, torí ìjọba ò di owó tuntun fún àwọn alákòójọ lọ́dún náà. Gbogbo rẹ̀ ló lọ sínú àpò àti àpótí owó àwọn ọlọ́jà, wọ́n ń ha ara wọn lára. Kí èèyàn tó rí ọ̀kan tó mọ́, tó tún jẹ́ ọlọ́jàá pípé, ojú rẹ̀ á ti rí màbo.

Ardis ló rí èyí. Ardis ni ìyàwó Verlyn, òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé Lipno. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, Verlyn á tú ìdì dáìmù tó gbà ní báǹkì sórí tábìlì, òun á máa ka ọdún, ìyàwó rẹ̀ á máa wo ọ̀já, torí ojú Ardis mú ju tirẹ̀ lọ. Ibi tó bá ti rí èyí tó dára, Ardis kì í pariwo. Á kàn fi ìka tì í wá síwájú ọkọ rẹ̀, á ní, "Wo ọmọ yìí." Wọn ò bímọ. Gbogbo dáìmù tó bá rẹwà ni Ardis ń pè ní ọmọ, Verlyn ò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n fi dáìmù 1983 náà ránṣẹ́, tó sì gba mẹ́tàdínláàádọ́rin pẹ̀lú ọ̀já pípé, inú Verlyn dùn débi pé ó sanwó lé e kí wọ́n lè kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára bébà inú ike. Ohun tí wọ́n kọ ni: Láti inú àkójọ Ardis Hruska. Ardis kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Verlyn, ta ló mọ̀ mí?"

"Ẹni tó bá ra owó náà lẹ́yìn wa á mọ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tún rà á lọ́wọ́ onítọ̀hún náà á mọ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ardis. Ó mú ike náà, ó fi sínú àpótí ìránṣọ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí àrùn fi mú Ardis lọ.

Àtìgbà yẹn ni nǹkan ò ti lọ déédéé fún Verlyn. Ojú rẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú Omaha ti bá a gba yàrá kan ní ilé àwọn arúgbó, pé kí ọdún tó parí kó kó wọbẹ̀, ilé náà sì ń gbówó bí ẹni pé wọ́n ń fi wúrà se ọbẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àkójọ náà ló máa tà. Kò sunkún lórí ìyẹn. Owó ẹyọ yòókù, owó ẹyọ ni wọ́n. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni orúkọ kan ṣoṣo tó wà lára bébà kan ṣoṣo. Òkúta ibojì Ardis wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gun òkè lọ kà á bí òun náà bá lọ tán? Dáìmù yẹn ni yóò máa gbé orúkọ náà káàkiri. Òun nìkan ló kù tó lè gbé e.

Orval ló fi mọ́tò gbé Verlyn délé lọ́jọ́ ìpàdé náà. Bí wọ́n ṣe kọjá ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, tí Verlyn ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, Orval dín eré kù.

"Ṣé o máa ta ti Ardis náà mọ́ ọn?"

"Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é."

"Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lára bébà. Á bá owó náà lọ."

Orval mi orí. "Ọ̀rẹ́ mi, o ti dàgbà jù fún irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ra owó yìí, kò ní tíì bọ́ bàtà kó tó fọ́ ike ẹ̀. Ojú kan ló máa fi wò ó, á rí i pé wọ́n ṣàfọwọ́rá máàkì kan lára ẹ̀, á fọ́ ọ, á tún fi í ránṣẹ́. Èmi gan-an, tí kì í bá ṣe pé mo mọ Ardis, mi ò ní fi í sílẹ̀ títí di àárọ̀."

"Bébà ẹ̀ ńkọ́?"

"Inú garawa pàǹtí."

Verlyn wo iwájú. Títì náà ò mọ́ lójú rẹ̀ mọ́, ìlà funfun nìkan ló ń rí.

"Fetí sí mi," Orval ní. "Tó bá jẹ́ méjìdínláàádọ́rin ló wà lára bébà yẹn, kò sí ẹni tó máa dáwọ́ lé e. Dáìmù 1983 kankan ò tíì kọjá ibẹ̀ rí, kí ló tún ń wá? Ta ló fẹ́ fi èyí tó wà lókè téńté ta tẹ́tẹ́? Ìwọ ni kó o fọ́ ọ kí wọ́n tó bá ẹ fọ́ ọ. Fi ránṣẹ́ níhòòhò, láìsí ike, kí wọ́n má bàa rí máàkì àtijọ́. Tí wọ́n bá rí i, ojú á tì wọ́n láti sọ pé àwọn ṣì í ṣe. Tó bá ti wọ méjìdínláàádọ́rin, ní kí wọ́n kọ orúkọ ìyàwó ẹ sí i padà. Ó parí. Orúkọ Ardis dúró síbẹ̀ títí ayé."

"Tí kò bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ṣé mo ti ṣì ẹ́ lọ́nà rí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí Verlyn dáhùn dáadáa, kò sì dáhùn. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ pé Orval ní ìgò kan lórí fìríìjì tó kún fún bébà inú àwọn ike tó ti fọ́. Nígbàkigbà tó bá fọ́ ike kan tí máàkì gòkè, gbogbo Lipno ló ń gbọ́. Èyí tó bá já wálẹ̀, Orval á ní òtútù ń mú òun, kò ní wá sípàdé. Irú àìsàn yìí wà lára gbogbo àwọn èèyàn yìí pátá. Wọ́n á fi ọ̀pọ̀ ọdún wá nǹkan kan, wọ́n á rí i, wọ́n á sé e mọ́ inú ike kí nǹkan kan má bàa ṣe é, wọn ò sì ní lè jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n má fọ́ ọ.

Verlyn rò ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bó ṣe gbé e yẹ̀ wò tó, ọ̀rọ̀ Orval ló ń járe. Ó ń fojú inú wo bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú tí kò mọ̀ ṣe ń fi ẹ̀mú fún ike náà, tí bébà ń bọ́ sílẹ̀, tí ọmọkùnrin náà ò tiẹ̀ wo ohun tó wà lára rẹ̀. Ìyẹn dùn ún wọra. Bí wọ́n bá máa fọ́ ọ dandan, kó jẹ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló fọ́ ọ.

Ó ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí oòrùn wọlé dáadáa láti ojú fèrèsé ìdáná. Ó tẹ́ tọ́wẹ́ẹ̀lì tó nípọn sórí tábìlì, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀. Ó mú ẹ̀mú, ó fi igun rẹ̀ gbá etí ike náà mú. Ó dúró díẹ̀. "Má bínú, Ardis," ó ní, "ìṣẹ́jú kan péré ni." Ó fún un. Ike náà ké, ó ya. Ó tún yí i, ó fún igun kejì, ó ṣí i bí ẹni tó ń ṣí ẹ̀pà, dáìmù náà sì bọ́ sórí tọ́wẹ́ẹ̀lì láìdún rárá.

Kò sí ohun tó ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí mọ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, ẹ̀mú ò kàn án, àtàǹpàkò rẹ̀ ò kan ojú owó náà. Etí ló fi mú un bí Ardis ṣe máa ń mú un, ó gbé e síbi oòrùn, dáìmù náà ń dán gbinrin. Inú rẹ̀ dùn bí kò ṣe dùn látìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀. Ó mú bébà tó ní orúkọ náà, ó fi sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, pé kí òun máa fi pamọ́ títí èyí tuntun yóò fi dé. Orval ló bá a kọ fọ́ọ̀mù náà. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá èèyàn fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àkójọ sí i, Orval kọ ọ́ gàdàgbà: Ardis Hruska. Wọ́n jọ gbé e lọ sí póósìọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Orval ra kolache fún un, búrẹ́dì kékeré tí wọ́n máa ń fi jáàmù sí láàárín, wọ́n sì jẹ ẹ́ nínú mọ́tò bí ọmọ ilé-ìwé.

Òtútù mú wálẹ̀ gidi kí èsì tó dé. Àwọn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán wá ti ń kó ẹrù ilé sínú páálí. Wọ́n kó àwo, wọ́n kó àga, wọ́n gbé àpótí ìránṣọ Ardis lọ fún àwọn aláìní. Verlyn ń wò wọ́n. Ó ń dúró de àpò kékeré kan láti póósìọ́fíìsì.

Nígbà tó dé, òun nìkan ló wà nílé. Kò lè ka bébà náà, lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù fún ojú rẹ̀, ó sì ní láti fi awò tó tóbi jù lé e lórí, kó máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná. Ó kọ́kọ́ rí ọdún náà. Ó rí nọ́ńbà: mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó rò pé ojú òun ni. Ó nu awò náà, ó tún wò ó. Mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ọ̀já rẹ̀ pé, kò rí i. Ó wá orúkọ Ardis lókè, nísàlẹ̀, lẹ́yìn. Wọn ò kọ ọ́. Ike náà mọ́, ó tuntun, kò sì mọ ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà ló pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù dáadáa.

"Ẹ káàsán sà, Marisela lorúkọ mi. Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

Verlyn ṣàlàyé. Ó ní òun kọ orúkọ ìyàwó òun sínú fọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin náà ní kó jọ̀ọ́, kó dúró, ó lọ wò ó, ó padà dé.

"Mo ti rí i, sà. A ò lè kọ orúkọ yẹn padà, torí pé owó náà ò wọlé nínú ike àtijọ́ tó ní orúkọ náà lára. Níhòòhò ló dé ọ̀dọ̀ wa."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fọ́ ọ. Bébà ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi níbí."

"Bébà nìkan ò tó, sà. Bí a bá ní ká máa tẹ̀ lé bébà, ẹnikẹ́ni lè mú bébà ẹlòmíì mọ́ owó tiẹ̀."

"Ṣé ẹ ò ya fọ́tò ẹ̀ nígbà yẹn ni?"

"Láyé ìgbà yẹn, a kì í yà á, sà. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ yà á?"

Verlyn ò yà á. Kò rò pé ó máa di ohun tí wọ́n ń fi fọ́tò wá.

"Ẹ wò ó, ọmọ mi," ó ní, "owó kan náà ni. Èmi ni mo mú un jáde, èmi ni mo fi ránṣẹ́. Kò kúrò lójú mi."

"Mo gbà yín gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí sí i pé owó yìí ló wà nínú ike yẹn?"

"Èmi."

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. Ó sì dájú pé inú rẹ̀ ò dùn sí i, torí kò bi í bóyá nǹkan mìíràn tún wà tó fẹ́ kí òun ṣe fún un.

Ìbá dára kó rí nǹkan dá lẹ́bi. Ká ní ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n ni, ká ní ẹ̀mú ha owó náà, ìbá mọ ohun tó máa bú. Ṣùgbọ́n ojú ẹnì kan wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní ọ̀já rẹ̀ pé. Ojú ẹlòmíràn wò ó lọ́jọ́ mìíràn, ó ní kò pé. Láàárín àwọn èèyàn méjèèjì yìí tí wọn ò mọ̀ ọ́n rí, orúkọ ìyàwó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí ọ̀nà fún un, kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú òkèèrè kankan.

Orval wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gba ike náà, ó fi awò há ojú, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì korò.

"Wọ́n ya wèrè," ó ní. "Mẹ́rìndínláàádọ́rin kẹ̀? Ẹni tó wò ó lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó ẹ̀ ló bá a jà kó tó kúrò nílé. Verlyn, kò tíì parí o. A máa tún un fọ́. A máa fi ránṣẹ́ síbòmíì. Èmi ni màá sanwó ẹ̀. Tó bá ti wọ méjìdínláàádọ́rin..."

"Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?"

Orval jókòó sórí páálí kan, torí wọ́n ti kó àga lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní òfin bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí tí mo ti fọ́, kò sí èyí tó ní orúkọ."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀."

"Bú mi, jàre. Bú mi, kí ara tù mí."

"Mi ò ní okun ẹ̀," Verlyn ní. "Bá mi wá ẹ̀mú. Ó wà nínú páálí tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn."

Orval dìde kíá, ojú rẹ̀ tún tàn, ó rò pé wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó tiẹ̀ bá a tẹ́ tọ́wẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Verlyn fọ́ ike tuntun náà tán, kò mú dáìmù náà létí. Ó fi gbogbo ọwọ́ gbá a mú bí owó ìnáwó lásán, ó tì í bọ àpò, níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

"Verlyn! O máa ha á!"

"Gbé mi gun òkè."

Òjò dídì ti ń já bọ́ wẹ́wẹ́ nígbà tí wọ́n dé itẹ́ òkú náà. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Orval di apá rẹ̀ mú, wọ́n ń rìn láàárín àwọn òkúta tí orúkọ àwọn baba wọn tó wá láti ilẹ̀ Bohemia lókè òkun wà lára wọn, títí wọ́n fi dé ti Ardis. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀, orúkọ tọkọtaya ló wà lára òkúta náà. Ti Ardis ní ọdún ìbí àti ọdún ikú. Ti Verlyn ní ọdún ìbí nìkan, wọ́n fi àyè ìkejì sílẹ̀ dè é.

Ó yọ bébà kékeré náà nínú àpò àyà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí òkúta, lókè ibi tí wọ́n kọ orúkọ Ardis sí gẹ́lẹ́. Ó yọ dáìmù náà, ó gbé e lé bébà lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Ẹni tí kì í jẹ́ kí èémí ara rẹ̀ kan owó ẹyọ, tó ti lé ọmọ àlejò kúrò nídìí tábìlì rí torí pé ó ń húkọ́, ó gbé ọlọ́jàá pípé ọdún 1983 sínú òjò dídì.

"Ọkùnrin tó ń gé koríko níbí máa kó o," Orval ní pẹ̀lú ohùn kékeré. "Gbogbo owó tí wọ́n bá gbé sórí òkúta ló ń kó. Agolo tó ń kó wọn sí wà nínú ahéré ẹ̀."

"Kì í gé koríko títí yìnyín á fi yọ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Á lọ fi mutí."

"Kò tó ọtí í mu, Orval. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí dáìmù náà. Ògùṣọ̀ ló kọjú sókè, ó sì mọ̀ ọ́n nípa fífi ìka tọ́ ọ, torí ojú rẹ̀ ò rí i.

"Bá mi wò ó," ó ní. "Ṣé ọ̀já ẹ̀ pé?"

Orval bẹ̀rẹ̀. Ó yọ awò rẹ̀ jáde, ó fi há ojú, ó gbé orí sún mọ́ òkúta náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Òjò dídì ń bà lé e lẹ́yìn ọrùn.

"Mi ò mọ̀ mọ́," ó ní nígbà tó nàró. "Mo fi Ọlọ́run búra fún ẹ, Verlyn, mi ò mọ̀ mọ́."

"Èmi náà ò fi ojú ara mi rí i rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó, ó ń rú mọ́ mi lójú ni. Ardis ló ní ó pé."

Wọ́n padà síbi mọ́tò. Orval ṣáná sí i, ó jẹ́ kó gbóná díẹ̀. Kí ó tó yí mọ́tò náà padà tán, funfun ti bo orí òkúta náà, ó bo bébà, ó bo dáìmù, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sára àwọn lẹ́tà. Verlyn yíjú síbẹ̀ títí wọ́n fi dé títì.

"Ṣé o ṣì ń rí i?" Orval bi í.

"Rárá," Verlyn ní. "Máa wakọ̀."